Ojú Kan Tó Kù fún Afọnfèrè

Hull, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 2025

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ sì kú ooru Ọ̀kà, nítorí mo gbọ́ pé òjò kò tíì kán lọ́dọ̀ yín. Òtútù ni àwa ń bá jà níbí. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú sì ń dà mí láàmú bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ lásìkò tí gbogbo ayé ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá pè, Bàbá ló máa ń gba fóònù lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì jẹ́ kí ohùn mi máa jáde sókè káàkiri ilé. Kò sí ohun tí mo lè bá ẹ̀yin nìkan sọ. Mo ti bá Fúnminíyì tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìwàrọ̀ sọ ọ́. Màá máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, á sì fi lé yín lọ́wọ́. Èyí tí ẹ̀yin bá kọ, á yà á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí mi.

Ọ̀rọ̀ ojú Bàbá ni. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ ní Ọ̀wọ̀ lóṣù tó kọjá. Ojú òsì ti lọ. Àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní gulókómà náà ti mú ojú ọ̀tún débi pé àárín nìkan ni wọ́n fi ń ríran, bí ẹni ń yọjú wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní bí wọ́n bá ń fọn fèrè, agbára tí wọ́n fi ń ti èémí jáde ń ti ojú náà láti inú, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní gbà á mọ́. Mo bi àwọn dókítà ibí, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, nígbà tí mo pè lọ́jọ́ Sunday, ohùn fèrè ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn yín, ẹ sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé rédíò ló ń kọrin.

Màámi, ẹ dákun, ẹ gbé fèrè yẹn kúrò nílé. Mi ò ní kẹ́ ẹ tà á. Ẹ kàn gbé e síbi tí wọn ò ti ní rí i. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń fọn ọ́n kí wọ́n tó bí mi. Mo mọ̀ pé orin jáàsì ni wọ́n fi jẹun ní Èkó kí wọ́n tó wá di tíṣà orin ní Ìkàrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n báyìí, ojú kan ló sì kù. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ tiyín.

Èmi ni ọmọ yín,
Ẹwàolúwa


Òkè-Ọ̀kà, Ọ̀kà-Àkókó
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, 2025

Ẹwà ọmọ mi,

Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni lẹ́tà yìí bá ọ, o ò jíire bí? Bó bá jẹ́ alẹ́ ni, kú alẹ́. Fúnminíyì gbé lẹ́tà rẹ wá fúnra ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ti kà á. Nígbà mìíràn tó o bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí, má fi rán ẹni tí ẹnu ẹ̀ ò ní ìdérí.

A dúpẹ́ pé ara rẹ le. O ò béèrè orúnkún mi o. Àfi bí ẹni pé ojú bàbá rẹ nìkan ni ara tó wà nínú ilé yìí. Ó ṣì ń dùn mí, ẹ ṣé.

Mo ti ṣe ohun tó o ní kí n ṣe. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí bàbá rẹ lọ sí ìpàdé àwọn ọkùnrin ìjọ, mo ní kí Clement aládùúgbò wa fi ọkọ̀ ẹ̀ gbé mi dé Ùgbè. Mo gbé fèrè náà tòun ti àpótí ẹ̀ fún Stephen àbúrò mi, ó sì gbé e sí yàrá tó ń kó iṣu sí. Orí itan ni mo gbé e lé títí a fi dé ọ̀hún, bí ẹni ń gbé ọmọ lọ fún alágbàtọ́. Clement bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀, mo ní aṣọ ni.

Nígbà tí bàbá rẹ dé, ó wá a. Ọwọ́ ló fi wá a, ihò kọ́kọ́rọ́ tó o sọ yẹn ò ràn án lọ́wọ́ nínú yàrá. Ó fọwọ́ pa abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ pa orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá jókòó. Ó ní, "Naomi, ẹni tó mú un, ṣé á dá a padà?" Mo wọ ilé ìdáná lọ. Kò sì béèrè mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí àwọn ìka ẹ̀ ń rìn lórí itan ẹ̀.

Níjọ́ Sátidé, àwọn ọmọkùnrin kan wá kí i láti Ìkàrẹ́. Jesse lorúkọ olórí wọn, òun ló ń lu ìlù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀. Èkejì ẹ̀ ń ta gìtá, ẹ̀kẹta ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní béèsì. Wọ́n ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde àwọn fẹ́ ṣe eré jáàsì ní gbọ̀ngàn kan ní Ìkàrẹ́, pé bàbá rẹ ni àwọn fẹ́ kó dúró síwájú kó fọn fèrè, kí àwọn máa gbè é lẹ́yìn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀. Ó sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé òun ò ní fèrè. Afọnfèrè tí gbogbo Àkókó mọ̀, ó ní òun ò ní fèrè. Ojú tì mí, Ẹwà, ojú tì mí níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ìwọ ń pàṣẹ láti òkè òkun, èmi ni mò ń bá ọkùnrin náà jẹun. Máa rántí ìyẹn.

Ìyá rẹ,
Naomi Akínlọ́lá


Hull
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta, 2025

Màámi mi,

Ẹ kú ìnira. Ẹ má bínú pé mi ò béèrè orúnkún. Ṣé ẹ ṣì ń fi òróró tí mo fi ránṣẹ́ pa á? Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an fún ohun tí ẹ ṣe. Mo mọ̀ pé kò rọrùn.

Ṣùgbọ́n mo ka lẹ́tà yín, àyà mi ò balẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àánú ti ń ṣe yín. Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Bàbá òyìnbó kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú níbí, ó ti fọ́jú. Láràárọ̀ ni mo máa ń fa aṣọ fèrèsé fún un, á ní ṣé ilẹ̀ ti mọ́? Màá ní ó ti mọ́. Á ní irọ́ ni mò ń pa. Ó ń sunkún lójú mi bí ọmọdé, àgbàlagbà tó ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ ilé. Mi ò fẹ́ kí Bàbá máa bi yín bóyá ilẹ̀ ti mọ́.

Ẹ sọ fún Jesse yẹn kó wá ẹlòmíì. Ìkàrẹ́ tóbi, kì í ṣe Bàbá nìkan ló ní ẹnu. Bí ẹ bá gbé fèrè yẹn fún wọn, tí ojú náà sì lọ, mi ò mọ bí màá ṣe dárí jì yín. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́.

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Ẹwàolúwa


Òkè-Ọ̀kà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, 2025

Ẹwàolúwa,

Mo kí ọ. Má bínú pé mo pẹ́. Iná ò sí ní Ìwàrọ̀, Fúnminíyì sì ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa.

Òjò ti rọ̀. A ti gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá rẹ wà, ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀, kò ní ojú ń dun òun. Fèrè ṣì wà ní Ùgbè. O ní kí n bá Jesse sọ̀rọ̀, mo ti bá a sọ̀rọ̀.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mo kà tán, tí mo tún padà kà, mo bá ká bébà náà pa. Ẹwà, ọmọ kì í dárí ji ìyá. Ìyá ló ń dárí ji ọmọ, mo sì ti ṣe é.

Bàbá rẹ bi mí ní ìbéèrè kan lánàá. Ó ní bí wọ́n bá ní kí n má kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́ nítorí orúnkún mi, ṣé màá gbà? Ìwọ tó kàwé, kí ni kí n sọ fún un?

Ìyá rẹ


Hull
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, 2025

Màámi,

Mi ò lè kí yín lónìí, ẹ jọ̀wọ́.

Gift tá a jọ lọ sí iléèwé fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ kú oríire, Bàbá yín ṣe bẹbẹ lánàá." Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì mọ ohùn fèrè náà kí n tó rí ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá wà ní ìdúró nínú aṣọ funfun, Jesse yín wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìlù, gbogbo gbọ̀ngàn ń mi orí. Fídíò náà já láàárín orin. Mo tún un tẹ̀ títí wọ́n fi wá pè mí pé àwọn arúgbó ń dúró de oúnjẹ.

Ẹ ní fèrè wà ní Ùgbè. Ẹ ní ẹ ti bá Jesse sọ̀rọ̀. Kí lẹ sọ fún un, pé kó tún àga ṣe? Mo ti ń pè yín láti àárọ̀, fóònù yín ò lọ. Mo pe Clement, ó ní Màmá ní kí òun má sọ nǹkan kan. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Kí ló wà níbẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ sọ?

Kẹ́ ẹ máa gbọ́ bí ìlú ṣe ń yìn wọ́n dùn mọ́ yín ju kí wọ́n ríran lọ. Ohun tí mo rò nìyẹn, mo sì bínú débi pé mi ò lè pa á mọ́. Mo sunkún nínú ilé ìdáná ibi iṣẹ́. Mi ò sì mọ̀ bóyá ìbínú ló fà á tàbí orin náà, èyí gan-an tún bí mi nínú.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé wọ́n ń ríran?

Ẹwàolúwa


Hull
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, 2025

Màámi,

Ẹ dákun. Fúnminíyì ní lẹ́tà mi ṣì wà lọ́dọ̀ òun, pé kò sẹ́ni nílé yín. Clement wá jẹ́wọ́ pé Ọ̀wọ̀ lẹ wà. Ta ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Ẹ gbàgbé ohun tí mo kọ. Mi ò bínú mọ́, ẹ̀rù ló kù. Ọ̀rọ̀ kan péré, ẹ kọ ọ́.

Ọmọ yín, Ẹwà


Òkè-Ọ̀kà
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún, 2025

Ẹwàolúwa ọmọ mi,

A ti dé ilé. Ọjọ́ Sátidé la kúrò ní ọsibítù. Èmi ni mo pa fóònù, èmi ni mo ní kí Clement panu mọ́. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ò rí ẹnu sọ ọ́. Jókòó kó o tó máa kà á lọ. Ojú náà ti lọ. Dókítà ní ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀. Bí wọ́n bá tan iná ó mọ̀, bí wọ́n bá pa á ó mọ̀. Kò rí ojú mi mọ́.

Bó o bá fẹ́ sunkún, sunkún ná, lẹ́tà ò ní sá lọ.

Mi ò purọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ lẹ́tà ọjọ́un, Ùgbè ni fèrè wà. Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni mo lọ gbé e. Ká ní bàbá rẹ bẹ̀ mí ni, tàbí ó bá mi jà, mi ò bá le bí òkúta Ọ̀kà. Kò ṣe ọ̀kankan. Oorun ọ̀sán ló ń sùn. Pius bàbá rẹ tí kì í fojú kan oorun lọ́sàn-án, á sùn títí ìrọ̀lẹ́, á jí, á jẹun, á tún dojú kọ ògiri. Mo wò ó, mo ní, ojú wo gan-an là ń tọ́jú fún ẹni tó ti dì í pa? Mo gbé fèrè lé e lẹ́sẹ̀. A ṣe àdéhùn pé orin kan péré ni, orin kékeré, kó fọn ọ́n, kó jókòó. Ó búra níwájú ère Màríà Mímọ́. Jesse náà wà níbẹ̀, òun náà gbọ́ àdéhùn.

Gbọ̀ngàn náà kún. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Àwọn tó kọ́ ní orin níléèwé, tí irun àwọn náà ti funfun, wá láti Afín, wọ́n wá láti Ọ̀wọ̀. Wọ́n fà á lọ́wọ́ gun orí pèpéle, wọ́n gbé àga fún un, ó ní òun á dúró. Jesse àti ìlù ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀ lápá òsì, lápá ojú tó ti kú tipẹ́.

Orin ìjọ kan táwọn ìyá ìjọ wa máa ń kọ níbi òkú ló fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, àwọn kan ti ń kọ ọ́ lábẹ́nú. Ó bá yí i. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún ọ, mi ò gbọ́ jáàsì. Orin náà ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á yọ sí wa níwájú, á tún sá. Béèsì ń rìn nísàlẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń ti oko bọ̀, kò kánjú. Jesse ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan kàn án lórí àwo irin tó fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù ẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí bàbá rẹ bá sọ tiẹ̀, gìtá á dá a lóhùn. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n tó oṣù méjì, wàá rò pé ilé kan náà ni wọ́n gbé dàgbà. Ẹwà, inú mi dùn. Mi ò ní torí pé ojú ti lọ kí n wá parọ́ fún ọ. Gbogbo ọdún tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ ọ, màá ní kó rọra torí àwọn aládùúgbò. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ọ.

Orin kékeré la sọ. Wọ́n pín mínírà yí gbọ̀ngàn ká, wọ́n tún wá kó ìgò òfìfo, orin kan náà ni. Òógùn bo bàbá rẹ, iṣan ọrùn ẹ̀ dìde. Mò ń wo Jesse pé kó parí ẹ̀, Jesse ń wo ẹ̀yìn bàbá rẹ. Ìgbà tí ọmọ náà wá bá wa ní ọsibítù ni mo tó mọ ohun tó dé. Nínú ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ bá ṣeré ní Èkó, onílù ló ń pa orin dé. Afọnfèrè ò gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó fi ìlù sílẹ̀ lójú agbo, àfi kó gbọ́ ìlù tó máa kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Ó ti kọ́ Jesse bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Jesse ní, "Mama, ta ni mí tí màá pa orin mọ́ àgbà lẹ́nu?" Ó ń dúró kí bàbá gbọ́wọ́ sókè. Bàbá ń dúró kó gbọ́ ìlù. Kò sì lè fojú bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kò sí ojú lápá ibẹ̀. Wọ́n jọ ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn títí tó fi di ewu.

Èmi náà ńkọ́? Ó yẹ kí n ti dìde kí wọ́n tó pín mínírà. Mo jókòó, torí èmi náà ò fẹ́ kó tán. Ìyìn ìlú tó o fi bú mi, kò sí níbẹ̀ rárá, mi ò rántí pé ẹnì kankan wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ohùn ọkọ mi ni mi ò fẹ́ kó dákẹ́. Bó o bá fẹ́ bá mi wí, ibẹ̀ ni kó o ti bá mi wí.

Nígbà tí mo rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ̀, mo dìde. Mo gba àárín gbọ̀ngàn lọ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé mo fẹ́ lọ ná ọkọ mi lówó ni. Mo gun pèpéle níwájú ẹ̀, mo yà gba ẹ̀yìn ẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di àwo irin Jesse mú. Jesse dáwọ́ dúró. Béèsì dákẹ́, gìtá dákẹ́. Bàbá rẹ tún fọn díẹ̀ sí i, ó gbọ́ pé òun nìkan ló kù, ó gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Gbogbo ilé dìde fún un. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní Ìkàrẹ́, ìyàwó tó pa orin mọ́ ọkọ lẹ́nu. Kí wọ́n máa sọ ọ́.

A ò tíì rìn jìnnà nínú ọkọ̀ Clement nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó ní kí Clement pa iná tó ń tàn sí òun lójú. Clement ò tan iná kankan, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ó bì sí mi lára. La bá dorí ọkọ̀ kọ Ọ̀wọ̀. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe níbẹ̀, wọ́n fa ìrora náà wálẹ̀, àmọ́ ojú ò padà.

Ní gbogbo ìgbà tá a fi wà ní ọsibítù, Jesse ni bàbá rẹ ń bínú sí. Ó ní ọmọ náà pa orin dé nígbà tí kò yẹ. Jesse tó mọ òótọ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí Bàbá má bínú, pé òun kánjú ni. Clement gbọ́, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ. Mo rò pé torí orin ló ṣe ń bínú.

Lánàá, mò ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ojú ẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Naomi, ìwọ ni mo rí kẹ́yìn. Mo rí ọ tó ò ń bọ̀ láàárín èrò. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, o ò jó sí fèrè mi rí. Mo ní, ó ti dé, ó ń bọ̀ wá jó. Ni mo bá fọn ọ́n gidi, mo fi gbogbo ara fọn ọ́n, kó lè gbóná dè ọ́. Àfi bí ọmọ yẹn ò ṣe jẹ́ kó o dé ọ̀dọ̀ mi."

Mo tún aṣọ tí mo fi ń nu ojú ẹ̀ rì sómi. Láti orí àga mi títí dé iwájú pèpéle, ìgbà yẹn ló fi agbára fọn ọ́n jù lọ, mo sì rí i pẹ̀lú ojú mi, mo rò pé kò rí mi ni.

Ó bi mí pé ṣé ijó ni mo ń bọ̀ wá jó lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun mọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín látìgbà tí ojú náà ti lọ.

Mo ti tan fóònù padà. Pè é nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, òun ló máa gbà á. Bó bá sọ fún ọ pé ìyá rẹ ń bọ̀ wá jó, má bá a jiyàn.

Ìyá rẹ,
Naomi Akínlọ́lá